Ta Ló Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Pe Harkonnen?

Ẹni tó ka Dune, ìtàn àròsọ kan nípa ayé aṣálẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, nínú ìwé àti ẹni tó wò ó nínú fíìmù lè fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà, kí wọ́n sì máa bá ara wọn fà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan á ní Há-kọ̀-nẹ̀n ni orúkọ ìdílé ọ̀tá inú ìtàn náà. Èkejì á ní rárá o, Hà-kó-nẹ̀n ni. Ẹnì kẹta á dá sí i pé ẹ̀yin méjèèjì ò tíì mọ Chani, orúkọ ọmọbìnrin kan nínú ìtàn náà, pè, ká má tíì dé orí Harkonnen. Àríyànjiyàn yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà á lọ, ó sì máa ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójú, torí kò sí èyí tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nínú wọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tó ti ṣẹ̀, àti ìdí tí mo fi gbà pé àwọn kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n, tó sì yẹ ká bi í léèrè.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ló fa ìjà náà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló fà á. Nínú èdè yẹn, sílébù kan ni wọ́n máa ń tẹ ohùn mọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á rọ̀, fáwẹ́lì wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àwa náà gbọ́ ìtẹnumọ́ yẹn nígbà tí a ń yá ọ̀rọ̀ wọn lò: ibi tí Òyìnbó ti tẹ ohùn la gbé àmì òkè lé, ìyẹn ló fi di kọ̀ǹpútà, ìyẹn ló fi di tísà. (Bí mo ṣe máa kọ pípè àwọn orúkọ náà nínú àlàyé yìí nìyẹn: ibi tí ẹ bá ti rí àmì òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ohùn.) Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kì í kọ ìtẹnumọ́ náà sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi èdè náà tọ́ kò nílò rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ kó tó rí i nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ kò tíì gba ẹnu ẹnikẹ́ni kọjá. Lẹ́tà nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í dúró sójú kan: a inú baby kì í ṣe a inú father, bẹ́ẹ̀ ni g inú get kì í ṣe g inú gem.

Ẹ wá wo bí Dune ṣe dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Frank Herbert, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ọdún 1965 ni ó jáde ní ìwé, lọ́dọ̀ Chilton, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù lọ fún ìwé àtúnṣe mọ́tò. Ọdún 1984 ni fíìmù David Lynch tó tẹ̀ lé e. Ọdún 19 gbáko ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ka àwọn orúkọ yẹn sínú, láìfọhùn, oníkálukú sì ń pè é bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbé e fún un. Herbert ṣe àtúmọ̀ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ló kọ ọ́ fún, kì í ṣe pípè. Nígbà tí òṣèré kan bá wá la ẹnu rẹ̀ nínú sinimá, tó pe orúkọ tí o ti ń pè nínú ọkàn rẹ láti kékeré, tí kò sì bá tìrẹ mu, ó máa ń dunni bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣi ọmọ ẹni pè. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi àwọn tí ó ń dùn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti bá àwọn èèyàn inú ìtàn náà gbé fún ọdún pípẹ́.

Harkonnen ni kí a kọ́kọ́ tú wò, torí òun ló ní ẹ̀rí jù. Herbert kò dá orúkọ yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ìwé nọ́ńbà fóònù ní California ló ti rí i, ó sì gbà pé ó dún bí orúkọ àwọn ará Soviet. Orúkọ ìdílé àwọn ará Finland ni ní tòótọ́: Härkönen. Härkä nínú èdè wọn ni akọ màlúù. Ẹni tó bá rántí pé akọ màlúù ló pa bàbá Duke Leto, ọ̀tá àwọn Harkonnen, nínú ìtàn náà á rí i pé nǹkan dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní ẹ̀rí kankan pé Herbert mọ̀. Èdè Finland ní òfin kan tí kì í yẹ̀: sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ ohùn mọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Tí a bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ni orúkọ lọ, orí ni ohùn wà, kì í ṣe àárín.

Òǹkọ̀wé náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Caedmon gba ohùn Herbert sílẹ̀ lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bó ṣe ń ka apá kan nínú ìwé rẹ̀. Há-kọ̀-nẹ̀n ló pè é, ohùn lórí. Fíìmù Denis Villeneuve tó jáde ní 2021 náà gbé ohùn sórí. Kódà sípẹ́lì tí Herbert lò ń ti èyí lẹ́yìn, torí ó fi n kan kún ti àwọn ará Finland. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí kọ́ńsónáǹtì bá di méjì, fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń kúrú. Ẹ fi dinner wé diner. Nítorí náà, ó ṣòro kí sílébù àárín yẹn jẹ́ kó gígùn.

Kí ló wá dé tí Hà-kó-nẹ̀n fi fìdí múlẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ti mọ ìtàn yìí tipẹ́, kí fíìmù 2021 tó dé? Mo rò pé ohun tí etí wọn ń retí wà lára ohun tó fà á. Orúkọ àjèjì onísílébù mẹ́ta tó bá parí pẹ̀lú n, àárín ni Òyìnbó sábà máa ń gbé ohùn sí, torí ibẹ̀ ló ti máa ń dún bí orúkọ ilẹ̀ òkèèrè létí wọn. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí nínú géèmù kan nígbà èwe kò ní torí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù yí i padà. Lórí Harkonnen, mo dúró lẹ́yìn Há-kọ̀-nẹ̀n. Ẹni tó ni orúkọ, ẹni tó kọ ìwé, àti fíìmù tuntun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pa ẹnu pọ̀.

Ti Chani kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin aṣálẹ̀ ni, olólùfẹ́ Paul, ọmọ Duke Leto, tí ìtàn náà dá lé lórí. (Èdè wa kò ní ìró ch yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ṣ dípò rẹ̀.) Herbert fúnra rẹ̀ ń pè é ní Ṣéénì. Zendaya, òṣèré tó ṣe Chani, àti gbogbo àwọn tó yí i ká nínú fíìmù Villeneuve ń pè é ní Ṣáánì. Ibí yìí ni àwọn olólùfẹ́ ti pín sí méjì pátápátá. Àwọn kan ní ẹni tó bí ọmọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Àwọn mìíràn ní ọmọ náà ti jáde nílé, àwọn tó ń bá a gbé ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Èmi rí ọgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì yìí. Àwọn Fremen, ìyẹn àwọn èèyàn Chani, ni Herbert fi àṣà àwọn ará aṣálẹ̀ àti èdè Lárúbáwá wọ̀ láṣọ látòkè délẹ̀. Kí Ṣéénì máa dún láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọmọ Seattle kan ṣìnà dé ibẹ̀. Ṣáánì bá ayé inú ìtàn náà mu ju bí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe ń pè é lọ. Òǹkọ̀wé lè mọ ìtàn rẹ̀ dé ìdí kí ahọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú tí wọ́n bí i sí. Herbert jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Washington, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe a ló pè é.

Orúkọ àwọn Fremen fúnra rẹ̀ tún ń tan èèyàn. Ó hàn gbangba pé free àti men ló so pọ̀, ìyẹn àwọn òmìnira, síbẹ̀ Frẹ́mẹ̀n ni gbogbo fíìmù ń pè é, kì í ṣe Fríímẹ̀n. Ẹni tó bá ń kà á fúnra rẹ̀ kò lè mọ èyí àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Atreides, orúkọ ìdílé Paul, kò fa ìjà púpọ̀: À-tréé-dìsì ni sinimá ń pè é, ó sì sún mọ́ ti Gíríìkì àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ yìí pe Agamemnon torí pé ọmọ Atreus ni. Bene Gesserit, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi ohùn darí èèyàn, Jẹ́sẹ̀rìtì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó kọ́ èdè Látìn máa ń bínú sí èyí, nítorí gbólóhùn òfin Látìn kan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé adájọ́ yóò wà lórí oyè níwọ̀n ìgbà tó bá ń hùwà dáadáa, Látìn àtijọ́ kò sì ní ìró j nínú g rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò Òyìnbó ti ń fi ahọ́n tiwọn pe Látìn láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dọ̀ wọn sì ni gbólóhùn náà gbà dé inú ìwé. Jẹ́sẹ̀rìtì kò burú.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí: àwọn ọ̀rọ̀ tí Herbert mú lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ṣì ń sọ èdè wọn lónìí. Muad'Dib, orúkọ tí Paul gbà ní aṣálẹ̀, eku kékeré kan ló ń tọ́ka sí nínú ìtàn. Nínú èdè Lárúbáwá, mu'addib ni olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ àti ìwà. Ibi tí Lárúbáwá ti ń dá ohùn dúró nínú ọ̀rọ̀ náà ni àárín u àti a, àárín d méjèèjì sì ni Herbert fi àmì sí. Lárúbáwá á tẹ ohùn mọ́ àárín, mu-ád-dìbù. Sinimá á gbé e lọ sí ìparí. Lisan al-Gaib, orúkọ tí àwọn Fremen ń pe ẹni tí wọ́n ń retí, ni lisān al-ghayb, ahọ́n ohun tó pamọ́. Orúkọ ńlá ni. Òun ni àwọn ará Persia fi ń yẹ́ akéwì wọn Hafez sí. Ghayb jẹ́ sílébù kan ṣoṣo nínú Lárúbáwá, ìró àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Nínú fíìmù, ó ti di sílébù méjì, g rẹ̀ sì ti di g lásán. Kwisatz Haderach wá láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí kíkó ọ̀nà kúrú. Àwọn tó ń sọ Hébérù á tẹ ohùn mọ́ dé nínú ha-dé-rekh, fíìmù á tẹ̀ ẹ́ mọ́ há.

Àwọn olólùfẹ́ ní ìdáhùn sí èyí, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní ọdún 10191 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà tiwọn, ọjọ́ iwájú tó jìnnà gan-an, àti pé kò sí èdè tí kò ní yí padà láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa tí a sọ baraka di àlùbáríkà, tí a sọ sadaqa di sàárà, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kì í yí ohùn padà tó bá dé ẹnu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tiwa yẹn, ẹnu àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé, nínú ọjà àti níbi àdúrà kí wọ́n tó yọ báyìí. Gaib inú fíìmù kò rìn irú ìrìn yẹn. Lẹ́tà lórí tákàdá ni òṣèré rí, ó sì kà á bí Òyìnbó ṣe ń ka lẹ́tà. Nítorí náà, tí ọmọ Ìjíbítì tàbí àlùfáà kan ní Ìlọrin bá wo fíìmù náà, tó sì sọ pé báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó bá ní kó dákẹ́ nítorí ìtàn àròsọ ni, ó ń gba ohun tó ni mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é dáadáa. Nínú Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn arìnrìn-àjò ojú òfurufú, láti ọdún 1966, Nichelle Nichols ṣe ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Uhura. Uhuru ni wọ́n mú un láti inú èdè Swahili, òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀. Swahili máa ń tẹ ohùn mọ́ sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òṣèré tẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú eré náà, Ù-hú-rà. Wọ́n yí fáwẹ́lì ìparí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Swahili á dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ̀.

Eré yẹn náà ló ní ìran kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń jà lórí pípè wò. Ní 1988, nínú èyí tó ṣí sáà kejì The Next Generation, eré mìíràn tó tẹ̀ lé Star Trek àkọ́kọ́, dókítà tuntun kan, Pulaski, pe Data, ọ̀gágun tó jẹ́ ẹ̀rọ, ní Dátà. Ó tún un ṣe: Détà ni. Dókítà náà bi í pé kí ni ìyàtọ̀. Ó dá a lóhùn pé ọ̀kan ni orúkọ òun, èkejì kì í ṣe orúkọ òun. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, méjèèjì tọ̀nà, ìwé atúmọ̀-èdè gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tó ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹni náà ló ni ín.

Àwọn fíìmù Star Wars kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà. Lando, ọ̀rẹ́ Han Solo, ń pe Han ní ọ̀nà tí àwọn yòókù kì í gbà pè é, Han tó dún bí hand láìsí d. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù nípa ìgbà èwe Han ní 2018, wọ́n jẹ́ kí Han tún Lando ṣe lójú gbogbo ayé, ó sì ti di ara ìwà Lando báyìí. Coruscant, olú ìlú ìjọba náà, inú ìwé ló ti kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ Timothy Zahn ní 1991. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni, ohun tó ń kọ mànà, wọ́n sì máa ń pe c inú rẹ̀ ketekete. Nígbà tó dé orí sinimá ní 1999, wọ́n gbé c kejì mì, ó di Kọ́rọ̀sáǹtì. Ọdún mẹ́jọ ni àwọn òǹkàwé ti fi ń pè é bó ṣe wù wọ́n kó tó dìgbà yẹn. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi bá wọn wí.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń wá ojútùú fúnra wọn, ojútùú náà ni kí wọ́n gba onímọ̀ èdè síṣẹ́. Marc Okrand ló ṣe èdè Klingon, èdè ẹ̀yà àjèjì kan nínú ìtàn náà, tán fún fíìmù Star Trek III ní 1984, sípẹ́lì rẹ̀ sì le bí òfin: q kékeré àti Q ńlá jẹ́ ìró méjì, orúkọ àwọn Klingon fúnra wọn sì jẹ́ tlhIngan. Pílánẹ́ẹ̀tì wọn tí àwọn èèyàn inú eré náà ń pè ní Kronos, Qo'noS ni lójú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ òfin náà á kà á bí Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí àjèjì tó bá rí p nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe máa ń pè é bí p tirẹ̀. Lẹ́tà náà kò parọ́, kò kàn bá a sọ̀rọ̀ ni. Pẹ̀lú gbogbo òfin yìí, tí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ pè nínú ìran tó ti dára jù láti tún yà, Okrand máa ń yí èdè náà padà kó lè bá ohun tí òṣèré sọ mu. Fún àwọn fíìmù Dune tuntun, David Peterson ló kọ́ èdè Chakobsa tí àwọn Fremen ń sọ, Jessie Peterson sì bá a ṣe é. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjíròrò àwọn Fremen máa dún bí èdè kan ṣoṣo látẹnu òṣèré kan sí òmíràn. Àwọn orúkọ tó ti wà nínú ìwé láti 1965 ni kò sí ẹni tó lè tún dá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá, tàbí tí ẹ ń fi orúkọ Yorùbá sọ ọkọ̀ òfurufú àti pílánẹ́ẹ̀tì inú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí Herbert kò ní wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi àmì sórí orúkọ náà láti ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí olótùú yọ ọ́ kúrò torí kó lè dán lójú ìwé. Tí ilé ìtẹ̀wé bá yarí, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ojú ewé kan lẹ́yìn ìwé, kí ẹ to gbogbo orúkọ síbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé náà fún láti kà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù yóò bèèrè fún un.